Irin tí ó ń Padà sí Agbẹ̀dẹ

Ní ìlú Ṣakí, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ìró ọmọ owú ni ó máa ń jí àwọn tí ilé wọn wà nítòsí agbẹ̀dẹ. Àwọn àgbẹ̀ a máa wọlé láti abúlé. Ọkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ á wà nínú àpò wọn, àdá tí ó ti kán á wà lábẹ́ abíyá. Alágbẹ̀dẹ a gbà wọ́n, a yẹ̀ wọ́n wò, a ki èyí tí ó ṣì lè ṣiṣẹ́ bọ iná, a sì ju èyí tí ó ti gbó jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí sípíríìn ọkọ̀ akẹ́rù àti àfọ́kù irin mìíràn gbé ń dúró de ọjọ́ tiwọn.

Ìgbà kan wà tí àwọn baba ńlá wa ń yọ́ irin fúnra wọn láti inú òkúta. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Bellamy kọ àkọsílẹ̀ nípa ilé ìyọ́rin tí ó rí ní Ọlá-Ìgbì, nítòsí Ọ̀yọ́. Irin òkè òkun tí owó rẹ̀ kò tó ti ìbílẹ̀ ni ó pa iná irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹ̀dẹ kò tìlẹ̀kùn. Ohun tí ẹlòmíràn ń pè ní pàǹtí ni alágbẹ̀dẹ sọ di òkúta irin tirẹ̀. Sípíríìn ọkọ̀ ni ó fẹ́ràn jù, nítorí irin rẹ̀ le: bí a bá fi iná rọ̀ ọ́, tí a lù ú, tí a sì rì í bọ omi, yóò mú, kò sì ní tètè jẹ. Ọkọ̀ tí ó kú sí ojú ọ̀nà lè tipa báyìí kọ ebè iṣu fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ọkọ́ náà bá sì kéré jù fún ebè, yóò di ọkọ́ tí ọmọdé fi ń roko. Lẹ́yìn èyí, ó di ọ̀bẹ.

Ìṣẹ́yìn náà kò gbẹ́yìn. Àlàárì tí àwọn ahunṣọ ibẹ̀ fi gba òkìkí, èérún òwú sẹ́dà láti ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni a fi ń hun ún ní nǹkan bí ọ̀rúndún kan àbọ̀ sẹ́yìn. Láti Tripoli ni a ti ń fi ràkúnmí gbé e la aṣálẹ̀ kọjá dé Kánò, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ rẹ̀ gan-an, èdè Lárúbáwá ni, tí ó gba ẹnu Haúsá wọ Yorùbá. Ohun tí òyìnbó kà sí èérún di aṣọ ìyàwó àti aṣọ ọba.

Àwọn onímọ̀ òkè òkun ti wá fún irú ìṣe yìí ní orúkọ, wọ́n ń pè é ní ọrọ̀-ajé àyípo. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2015. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọwọ́ sí ìpinnu mìíràn lórí ọrọ̀-ajé àjùmọ̀ṣe, ìyẹn ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti irú wọn. Inú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ méjèèjì sí. Ẹni tí ó bá jókòó ní agbẹ̀dẹ fún ọjọ́ kan yóò rí i pé ọ̀kan kò lè rìn láìsí èkejì.

Kí ni ó ń dá ọkọ́ padà sí agbẹ̀dẹ? Ènìyàn ni. Alágbẹ̀dẹ mọ àgbẹ̀, ó mọ baba rẹ̀. Bí kò bá sí owó lọ́wọ́, ó lè dúró di ìgbà ìkórè kí ó gba iṣu, ọmọ àgbẹ̀ a sì fi ẹwìrì fínná fún un. Àáró tún wà níbẹ̀: àgbẹ̀ márùn-ún ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀kan lónìí, ní ti èkejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò wá oúnjẹ fún àwọn tí ó wá bá a kọ́lé tàbí roko, kò sì sí ọjọ́ kan pàtó tí yóò san án padà. (Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pa méjèèjì pọ̀ nínú ìdánwò, wọ́n a sì pàdánù máàkì lórí ohun tí ìyá wọn àgbà lè ṣàlàyé.) Ẹni tí ó bá gbé ọkọ́ tí ẹnu rẹ̀ kú lọ sí àáró, ẹgbẹ́ yóò fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ń sáré lọ sí agbẹ̀dẹ.

Èsúsú ni ó sì ń fún alágbẹ̀dẹ ní owó tí ó fi ń ra irin àti èédú lẹ́ẹ̀kan náà. Samuel Johnson ṣàlàyé èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921. Àwọn tí a kó lẹ́rú ti gbé e dé Trinidad, níbi tí a ti ń pè é ní susu títí di òní. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1935 bá a nílé ni.

Nísinsìnyí, àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń ti ọmọlánke kiri, wọ́n ń fi kílò ra irin àlòkù fún àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ irin ní ìhà Ìkòròdú. Àlòtúnlò ni ìyẹn náà, kò sì yẹ kí a bú wọn. Ṣùgbọ́n irin tí ó bá ti lọ kì í padà sí Òkè-Ògùn bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí ọjà. Ẹni tí ó tà á gba owó rẹ̀, ó parí. Kò sí ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, kò sí àgbẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ tí ó di ojúlùmọ̀. Bí àáró bá sì ti tú, tí àgbẹ̀ ń fi owó gba lébìrà, ta ni yóò fi ọkọ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀?

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára. Irin ń yípo ní agbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n èédú tí a fi ń yọ ọ́ lójú kì í yípo; eérú ni ó ń dà. Òkè-Ògùn ti di ibi tí a ti ń sun èédú púpọ̀, tí a ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó o lọ sí ìlú ńlá àti sí òkè òkun, igi òrí sì wà lára igi tí a ń gé. Igi òrí a máa lo ọdún 15 sí 20 kí ó tó so èso àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin ni ó ń ṣa èso náà, tí wọ́n ń fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Obìnrin tí ń ṣa èso òrí àti alágbẹ̀dẹ tí ń ra èédú lè wà nínú èsúsú kan náà, kí owó wọn máa kárí láìyẹ̀. Síbẹ̀, igi kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń dù.