Ìdérí Dẹ́líkò Tó Fẹ́ Tú Wa Ká

Ẹ̀yin ará, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí.

Lọ́dún 1986, mo ní Peugeot 504 kan tó ti gbó, ní Akpakpa níbí. Òun ló ń gbé ẹrù aṣọ ìyàwó mi kọjá afárá lọ sí ọjà Dantokpa. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ náà yí ìwà padà. Láàárọ̀, kò ní ṣiṣẹ́. Bí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, á ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkaníìkì ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Mo ní ó ti tú bòbíìnì mi tà, ó fi àlòkù dípò. Ó búra títí, n kò gbọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé.

Mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, bàbá náà dé. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó kàn ń tọ ọ̀nà tí iná ń gbà. Ó tú àwọn bùjí, ó so wọ́n mọ́ wáyà wọn, ó fi ara wọn ti irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Iná kò ta dáadáa. Ó wá yọ wáyà ńlá tó ti ara bòbíìnì wá sí dẹ́líkò, ó fi aṣọ gbígbẹ dì í mú, ó gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin. Iná ta pàù!

Ó ní, "Bòbíìnì yín kò ní àrùn. Plátínì tó ń já iná fún un náà ń ṣiṣẹ́. Iwájú ni àìsàn wà."

Ó ṣí ìdérí dẹ́líkò. Ìrì wà nínú rẹ̀, ó sì ti sán tín-ín-rín bí irun orí. Bàbá ṣàlàyé pé volt 12 ti bátìrì máa ń di ohun tó lé ní 10,000 nínú bòbíìnì. Bí irú agbára bẹ́ẹ̀ bá rí ojú sísán tó tutù, ibẹ̀ ni yóò sá gbà, kò ní dé bùjí. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, àìsàn á lọ. Ó nù ún gbẹ, ó dá àwọn wáyà padà bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, 1-3-4-2. Ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Bàbá Mọ́níkà, ẹ lọ bẹ ọmọ yẹn."

Mo lọ. Ó darí jì mí, ó sì padà wálé, ṣùgbọ́n ó lé lọ́dún kan kó tó tún fọwọ́ kan ọkọ̀ mi. N kò bá a wí.

Ọkọ̀ òde òní kò ní plátínì mọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ṣì ní ọkọ̀ àtijọ́, kó kọ́kọ́ wo ìdérí nígbà òjò. Kó rí i pé epo kò jò nítòsí kó tó dán iná wò, kó má sì fi ọwọ́ lásán di wáyà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó yẹ ọkọ̀ wò tán kó tó pe ọmọ ẹnikẹ́ni ní olè.