Owó ilé tàbí kámẹ́rà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, díẹ̀ ló kù kí n fi owó ilé wa l'Ajah ra kámẹ́rà ńlá. Ọ̀bọ ló fà á. Lórí afárá mítà 401 tó wà ní Lekki Conservation Centre, Canon 2000D mi ò rí nǹkan kan ju kókó dúdú lórí igi lọ. Bẹ́ẹ̀, mẹgapíksẹ̀lì 24 ni tèmi, 20 péré ni 1D X Mark II tí ọ̀gá kan gbé dání! Àmọ́ tiẹ̀ ń ya fọ́tò 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mẹ́ta ni tèmi.

Ọ̀gá bá yọ lẹ́ǹsì gígùn tiẹ̀, ó fi sí tèmi. Háà! Àmì funfun méjèèjì tó wà nídìí ọ̀bọ hàn ketekete! Lẹ́ǹsì àlòkù ni mo rà, mo san owó ilé.

Ṣùgbọ́n bójú ọjọ́ bá ṣú, tí abẹ́ igi ṣókùnkùn, fọ́tò tèmi a máa rí bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i, tọ̀gá á mọ́ kedere. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ilé ni mo máa ń jókòó sí.