Ọ̀nà wo ni omi yóò gbà? Àkíyèsí kéékèèké lórí àgbàrá àti ilé kíkọ́

Típà já yanrìn sí ẹ̀bá ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdí yanrìn ti ya, omi ti gbé e wọ gọ́tà, ó sì ti tò ó sílẹ̀ níbi tí gọ́tà ti yí kọ́nà: èyí tó wúwo ló kọ́kọ́ jókòó, èyí tó kúnná tẹ̀ lé e, ẹrẹ̀ pupa sì ń bá omi lọ. Bírikìlà fi ṣọ́bìrì kó èyí tó ṣẹ́kù lókè. Èyí tó wà nínú gọ́tà ti di ẹrù àdúgbò.

*

Ilẹ̀ tí koríko bò máa ń fa omi mu díẹ̀díẹ̀. Tí kátápílà bá ti ha á tán, kò sí ewé tí yóò gba ẹ̀kán òjò sára, kò sí gbòǹgbò tí yóò di iyẹ̀pẹ̀ mú. Òjò á máa nà án, á máa tú u, omi tí ìbá rì wọlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ilẹ̀. Tí ilẹ̀ ọ̀hún bá tún wá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíi ti Òkè Màpó tàbí Òkè Àrẹ̀mọ n'Íbàdàn, eré omi náà á le sí i, ohun tó ń kó dání á sì pọ̀ sí i.

*

Àwọn àgbà Ìbàdàn kò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé ilé, ọkọ̀ àti èèyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́: ó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì ba afárá jẹ́ káàkiri ìlú. Òjò ọjọ́ méjèèjì pọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, a kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru onílé kan ṣoṣo. Àmọ́ odò tí iyẹ̀pẹ̀ àti pàǹtírí ti kún inú rẹ̀, níbo ni yóò gba omi sí?

*

A kò ṣaláìní òfin. Ní 2011 kan náà, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde, èyí tí NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, ń mójú tó, lórí ọ̀gbàrá àti omíyalé. Òmíràn tún wà fún iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ṣùgbọ́n pílánù tí a ń gbé lọ fún ìfọwọ́sí, ilé tí a ti kọ́ parí ló ń ṣàfihàn: yàrá, ilé ìwẹ̀, sókèwéè. Láti ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n kan òrùlé gan-an ni ilẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ìgbà náà ló yẹ kí òfin tẹjú mọ́.

*

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ tú ilẹ̀ éékà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kọ́lé gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ lórí omi òjò. Éékà kan tó nǹkan bíi pọ́lọ́ọ̀tì mẹ́fà tiwa, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Pọ́lọ́ọ̀tì kékeré tó wà lára ẹ́sítéètì ńlá kò yọ sílẹ̀, nítorí àpapọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n tú ni omi ń rí. Ní Georgia, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti kọ́lé sí agbègbè Atlanta, òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wà láti 1975. Lónìí, ó kéré tán, ẹsẹ̀ bàtà 25 létí odò gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú koríko rẹ̀. Wọ́n tún ń fi aṣọ nínípọn ṣọgbà sí ìsàlẹ̀ sáìtì kí omi lè dúró, kí iyẹ̀pẹ̀ sì rọlẹ̀. Aṣọ tí wọn kò bá ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni omi ń gbà kọjá.

*

Ohun tí kò gba owó ńlá: ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má ha gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; ẹ fi koríko apá ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ já yanrìn jìnnà sí gọ́tà, kí ẹ sì fi tapólì bò ó. Ẹ da òkúta sí ẹnu ọ̀nà, kí táyà típà má baà kó ẹrẹ̀ sí títì. Ẹ to àpò yanrìn sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa kó iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lẹ́yìn òjò.

*

Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n àgbàrá tó ń bọ̀ láti sáìtì aládùúgbò, onílé kan kò lè dá a dúró. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ẹ máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́lé kí ó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ máa béèrè ọ̀nà tí omi yóò gbà pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá tíì fi hàn yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀.