Ẹni tí Ó Ka Ìwé Ni Í Wo Fíìmù Já

Nínú ìwé ìròyìn bí irú èyí, àwọn tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ àti àwọn tó kọ́ wa ni a sábà máa ń rántí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi lónìí kan àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì báyìí, àti ohun kan tí àwọn mìíràn nínú wọn ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe nígbà tí àwa àgbà bá rò pé eré lásán ni wọ́n ń ṣe. Àtúngé fíìmù ni mo pè é.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á mú ìwé ìtàn kan, wọ́n á fi ṣe fíìmù. Àwọn tó ti ka ìwé náà á wò ó, wọ́n á sì rí i pé fíìmù ti yà kúrò lójú ọ̀nà: ó fi ẹni tí kò sí nínú ìwé kún un, ó sọ ìjà kékeré di ogun ńlá, ó kó ìfẹ́ wọ ibi tí òǹkọ̀wé kò dárúkọ ìfẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ráhùn, wọ́n á sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n á ṣí ìwé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù, tí wọ́n á máa gé ohun tí kò sí nínú ìwé kúrò, tí wọ́n á sì tún ìyókù tò bí òǹkọ̀wé ti tò ó. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń san owó fún wọn. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ìwé ló gbé wọn débẹ̀.

Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú irú iṣẹ́ yìí dá lórí ìwé The Hobbit. Ọ̀gbẹ́ni J.R.R. Tolkien, olùkọ́ ní Yunifásítì Oxford, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 1937. Ìwé tí kò gùn ni, orí mọ́kàndínlógún péré ni ó ní, àwọn ọmọdé ni a sì kọ ọ́ fún. Nígbà tí Peter Jackson fi ṣe fíìmù, ẹyọ ìwé kan yìí di fíìmù mẹ́ta, tí wọ́n jáde ní 2012, 2013 àti 2014. Bí a bá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tauriel. Kò sí nínú ìwé rárá. Legolas wà nínú fíìmù, kò sí nínú ìwé yìí. Azog, ọ̀tá tó ń lé wọn kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fíìmù, ti kú nínú ìwé kí ìrìn àjò náà tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, kò tíì pé oṣù méjì tí fíìmù kẹta jáde tí ẹnì kan tó fẹ́ràn ìwé náà fi gé wákàtí mẹ́jọ yẹn kù sí nǹkan bíi mẹ́rin. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní lítíréṣọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí mi. Láàárín àwọn ọdún náà ni mo ti rí àrùn kan tó ń ràn nínú kíláàsì. Èèyàn á bi ọmọ ní ìbéèrè lórí ìwé tí a yàn fún ìdánwò, ọmọ náà á dáhùn dáadáa, gbólóhùn rẹ̀ á gún régé, ṣùgbọ́n ìran tó ń ròyìn kò sí nínú ìwé. Inú fíìmù ló ti rí i. Kò purọ́, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó sọ. Àmọ́ kò mọ̀ pé ohun méjì ni ìwé àti fíìmù, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ni ó mọ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí ọmọ àbúrò mi kan wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, tó ní òun fẹ́ tún fíìmù The Hobbit gé. Àwo fíìmù náà tí mo rà wà nílé, ìwé náà sì wà lórí pẹpẹ. Mo ní kó kọ́kọ́ ka ìwé. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó rò pé ó ti tó. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó rí i pé kò tíì kà á rárá. Ó padà sí i lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú bírò, ó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé àjákọ, ó sì ń kọ ìṣẹ́jú tí ó bọ́ sí nínú fíìmù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà kẹta ni ó tó mọ ohun tó yẹ kó gé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń sọ pé kì í ka ìwé parí ka orí mọ́kàndínlógún ní ìgbà mẹ́ta láàárín ìsinmi kan.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn bí a ti rò ó. Bí a bá yọ ènìyàn kan kúrò, gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ ní láti lọ pẹ̀lú. Bí a bá gé ìjà kan, ẹni tó farapa níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ọgbẹ́ yẹn wọ ìran tó kàn. Orin tó ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ á já lójijì bí okùn, a ó sì wá bí a ó ti so ó. Nínú ìwé, inú àgbá tí a dé pa ni àwọn aràrá wà nígbà tí odò gbé wọn sá kúrò lẹ́wọ̀n, wọ́jẹ́wọ́jẹ́. Nínú fíìmù, àgbá wọn ṣí sílẹ̀, ìjà sì ń lọ ní bèbè odò. Ọmọ náà lo ọjọ́ méjì lórí àgbá yìí nìkan, kò sì rí i ṣe tán, nítorí kò sí ibì kankan tí kámẹ́rà ti ya àgbá tó dé.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí. “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan. Ogun ìparí yìí pọ̀ gan-an nínú fíìmù. Nínú ìwé, òkúta gbá Bilbo lórí, ó dákú, nígbà tó máa fi jí, ogun ti parí. Ṣé kí n gé gbogbo ogun yìí dànù ni?” Mo ní kí ló dé tí òǹkọ̀wé fi jẹ́ kí ó dákú. Ó ronú títí. Ó ní bóyá nítorí pé ìtàn ẹni kékeré ni, kì í ṣe ìtàn ogun. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì kí n má rí i.

Àwa tí a jáde nílé-ìwé onígbàgbọ́ kò yẹ kí á ka irú ìwádìí yìí sí àjèjì. Àwọn ará Bèríà tí Ìṣe Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlógún sọ̀rọ̀ wọn gbọ́ ìwàásù Pọ́ọ̀lù, wọ́n gbà á tọkàntọkàn, síbẹ̀ wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí. A kò bá wọn wí. A yìn wọ́n. Ẹ sì wo eré Kérésìmesì tí gbogbo wa ti ṣe rí. Ọba mẹ́ta á dé adé, wọ́n á kúnlẹ̀ ní ibùjẹ ẹran. Ẹ ṣí Mátíù orí kejì: kò pè wọ́n ní ọba, kò sọ pé mẹ́ta ni wọ́n, inú ilé ni wọ́n sì ti bá ọmọ náà. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí kẹta, kò sọ irú èso tí Éfà jẹ. Eré náà kò di ẹ̀ṣẹ̀ nítorí èyí, àwọn ọmọ á sì tún dé adé ní Kérésìmesì tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti ka ẹsẹ̀ Bíbélì yẹn yàtọ̀ sí èyí tí ó mọ eré nìkan.

Mi ò sọ pé ẹni tó bá yí ìwé padà ti ṣe ohun búburú. Ọmọ Èkìtì kan wà tó kọ́ wa ní èyí. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí òun náà ti ṣe olùkọ́ kí ó tó di àgbà òṣèré, mú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá gbé jáde ní 1952, ó sì sọ ọ́ di eré orí ìtàgé lédè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Nínú ìwé Tutùọlá, ọ̀mùtí kan tí adẹ́mu rẹ̀ kú gbéra, ó ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú, gbogbo ohun tí ó rí lọ́nà sì ṣẹlẹ̀ sí i lóòótọ́. Ògúnmọ́lá sọ ọ̀mùtí náà ní Lànkẹ́, ó sì sọ gbogbo ìrìn àjò rẹ̀ di àlá. Ìyípadà ńlá ni. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn fẹ́ràn eré náà débi pé wọ́n gbé e dé Algiers ní 1969, níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà. Ògúnmọ́lá ní ẹ̀tọ́ láti lá àlá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo Lànkẹ́ tí kò ka Tutùọlá kò lè mọ̀ pé àlá yẹn jẹ́ ti Ògúnmọ́lá. Kò ní mọ ìgboyà Ògúnmọ́lá, kò sì ní mọ ìgboyà Tutùọlá, ẹni tí kò wá àwáwí kankan fún ìtàn rẹ̀.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ D.O. Fágúnwà. Ọdún kan péré lẹ́yìn ìwé Tolkien, ní 1938, ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ti jọra: olùkọ́ ni wọ́n, onígbàgbọ́ ni wọ́n, àwọn méjèèjì sì rán àwọn ènìyàn gba inú igbó àti àárín abàmì ẹ̀dá lọ wá ohun iyebíye kí wọ́n sì padà wálé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ìwé Fágúnwà ṣe fíìmù, mo mọ ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ gé. Ọjọ́ méje tí àwọn ọdẹ fi jókòó lẹ́sẹ̀ Ìrágbèjé ní Òkè Lángbòdó, tí ó ń fi ìtàn kọ́ wọn lọ́gbọ́n, ni. Wọ́n á ní kò sí ìjà níbẹ̀, àwọn òǹwòran á sùn. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ látìgbà tí wọ́n ti gbéra! Ohun kejì tí wọ́n lè gé ni ti Kàkó, akọni tí ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn kí ó má lọ, tí ó sì pa á. Ó máa ń dunni láti kà á, akọni wa ni. Ṣùgbọ́n Fágúnwà kò gé e, ẹni tó bá sì gé e ti sọ Kàkó di ẹlòmíràn.

Ibí yìí ni mo ti rí ààlà iṣẹ́ àtúngé. Ẹni tó ń tún fíìmù gé lè yọ ohun tí a fi kún un, kò lè dá ohun tí a kò yà padà. Ọmọ àbúrò mi lè lé Tauriel jáde. Kò lè mú ohùn Tolkien wọlé, ohùn tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ jálẹ̀ ìwé bí ìgbà tí bàbá àgbà bá ń pàlọ́. Bí àwọn onífíìmù kò bá ya Ìrágbèjé, kò sí ọmọ tó lè fi kọ̀ǹpútà pè é padà. Inú ìwé nìkan ni yóò kù sí. Bí kò bá sì sí ìwé náà nílé àti nílé-ìwé, a jẹ́ pé ó ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí Ọlọ́run ti gbé ga: bí ẹ bá ń ronú ẹ̀bùn àjọ̀dún, ẹ rántí yàrá ìkàwé. Ẹ ra Fágúnwà, kì í ṣe ẹ̀dà kan tí a ó fi ṣe ọ̀ṣọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀dà tó tó fún kíláàsì kan. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń wo fíìmù tí a fi ìwé ṣe, ẹ má kàn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni ó wà nínú ìwé tí kò sí nínú fíìmù. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ wá ìwé náà fún un. Bí ó bá sì fẹ́ tún un gé, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é nínú ilé, láti inú ẹ̀dà tí ẹ fi owó yín rà, kí ó má tà á, kí ó má sì pín in kiri. Iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ ni fíìmù náà, òfin ilẹ̀ wa sì dáàbò bò ó gẹ́gẹ́ bó ṣe dáàbò bo ìwé.

Mo gbàdúrà pé kí àwọn ọmọ tí ń jáde nílé-ìwé yìí ní Àìsẹ̀gbá-Èkìtì jẹ́ ẹni tí a kò lè fi àwòrán gbé ojú wọn kúrò lórí ọ̀rọ̀. Kí Olúwa bùkún àwọn olùkọ́ wọn, kí ó sì mú ọ̀pọ̀ àjọ̀dún mìíràn bá wa láyọ̀. Àmín.