Ìka Bàbá Mi Kò Jẹ̀bi

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni bàbá mi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì mú. Díẹ̀díẹ̀ ni okun ń padà sí i, ṣùgbọ́n àtiṣí ìwé ìròyìn ńlá di ìṣòro. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi àtijọ́ fún wọn kí wọ́n lè máa ka ìròyìn lórí rẹ̀. Nítorí pé ẹ̀rọ náà ti ń wọ́ bí ìgbín, mo fi Xubuntu sí i, ẹ̀yà Linux kan tí kò wúwo. Ó yára lóòótọ́. Mo padà sí Èkó tayọ̀tayọ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, ìyá mi pè mí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Bàbá rẹ ti gbé kọ̀ǹpútà yẹn tì. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn tún ti ń kú. Ọjọ́ Ajé la ń lọ rí dókítà."

Nígbà tó di Sátidé, mo ti wà ní Ìbàdàn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn mí. Wọ́n fi ìka méjì lé touchpad, pátákó pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ àwọn bọ́tìnì. Wọ́n fà á sókè, wọ́n fà á sódò. Ojú-ìwé kò mira.

"Ṣé o rí i? Lálaalẹ́ ni mò ń gbìyànjú rẹ̀. Àwọn ìka yìí kò lágbára mọ́."

Mo fi ìka tèmi lé e. Kò mira fún èmi náà. "Bàbá, ẹ wò ó, kò dá tèmi náà lóhùn." Wọ́n wò mí bí ẹni tó rò pé mò ń tu àwọn nínú lásán.

Mo ṣí tẹ́míná, mo tẹ xinput list, àṣẹ tó máa ń to orúkọ àwọn ohun tí à ń fọwọ́ lò lára ẹ̀rọ. Dípò kí n rí orúkọ touchpad, PS/2 Generic Mouse ni mo rí. Linux kò dá pátákó náà mọ̀. Máòsì lásán ló pè é. Máòsì lásán lè darí ọfà kékeré ojú ẹ̀rọ, ó sì lè tẹ nǹkan, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá ìka kan ni a fi lé e tàbí méjì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan yòókù fi ń ṣiṣẹ́.

Apá Linux tó ń bá irú pátákó yìí sọ̀rọ̀ ni psmouse. Mo fi sudo modprobe -r psmouse yọ ọ́, mo fi sudo modprobe psmouse dá a padà. Nígbà tí mo tún wo orúkọ náà, ó ti di touchpad. Mo wá lọ sí ètò Mouse and Touchpad. Níbẹ̀, ènìyàn lè yàn láti fi ìka méjì fa ojú-ìwé, tàbí kí ó fi ìka kan fà á ní etí ọ̀tún. Bàbá yan ìka kan.

Wọ́n fi ìka ìfábẹ̀lá lé etí ibẹ̀, wọ́n fà á wálẹ̀. Ojú-ìwé gbéra. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún fà á padà sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ìwé àjákọ wọn, wọ́n sì da àṣẹ méjèèjì kọ, bí ẹ̀rọ bá tún gbàgbé. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní ọjọ́ Ajé, dókítà yẹ ọwọ́ náà wò, ó ní kò sí aburú tuntun.

Odidi oṣù kan ni bàbá mi fi gbé ẹ̀bi ẹ̀rọ ru ara wọn. Máòsì oníwáyà ni èmi ń lò, n kò sì dán touchpad wò kí n tó gbé e fún wọn. Abéèrè kì í ṣìnà. Èmi ni n kò béèrè. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ lé òbí yín lọ́wọ́, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí wọ́n bá sì ní ọwọ́ àwọn kò ká a, ẹ fi ọwọ́ tiyín náà dán an wò.