Lemmy Caution ní Treichville

Ohun tó bá wu ẹni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Bí ẹlòmíràn bá ń kó aṣọ jọ, sinimá àtijọ́ lèmi ń kó jọ ní Abidjan tí mo fi ṣe ilé, pàápàá àwọn fíìmù amí tí ayé ti gbàgbé: ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo tí èèyàn mẹ́ta fi ń ṣubú, ìbọn tí ọta rẹ̀ kì í tán. Àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ mi, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbí, a máa fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní kí ni àgbà ń wá nínú irọ́?

Ní 1953, Eddie Constantine, ọmọ Amẹ́ríkà tó di gbajúmọ̀ nílẹ̀ Faransé, kọ́kọ́ ṣe Lemmy Caution, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kì í bẹ̀rù, nínú ‘La Môme vert-de-gris’. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi dé Treichville. Nínú ‘Moi, un Noir’, fíìmù tí Jean Rouch yà ní àdúgbò yìí, tó sì jáde ní 1958, àwọn ọ̀dọ́ tó ti Niger wá ṣiṣẹ́ la rí. Oumarou Ganda, alábàárù ní èbúté, ní Edward G. Robinson lòun. Petit Touré, tó ń kiri aṣọ, ní Lemmy Caution lòun, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà!

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tó ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yá orúkọ akọni lò. Àwa tá a ti fi ilé sílẹ̀ wá jẹun lẹ́yìn odi mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Ní 1965, ‘Le Gentleman de Cocody’ ti Christian-Jaque jáde. Abidjan níbí ni wọ́n ti yà á. Jean Marais ṣe òṣìṣẹ́ ilé aṣojú ilẹ̀ Faransé tó kó sọ́wọ́ àwọn tó ń wá dáyámọ́ńdì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìlú tí mo ń rí lẹ́yìn Marais, ṣùgbọ́n òyìnbó ni gbogbo eré náà ń yí po.

Nínú fíìmù Rouch, Lemmy Caution ti Treichville dèrò ẹ̀wọ̀n, kò sì sí fèrèsé tí yóò bá fò jáde. Ganda ní tirẹ̀ di olùdarí sinimá, ó ṣe ‘Cabascabo’. Irọ́ tí kò díbọ́n pé òtítọ́ lòun, ẹnikẹ́ni lè wọnú rẹ̀ jókòó. Ohun tí àgbà ń wá níbẹ̀ nìyẹn.