Irin Tí Mo Wá Lọ sí Agbogbloshie

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ mi láti sọ, nítorí pé èmi ni mo jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Bàbá mi ní ọkọ̀ akẹ́rù kan, Bedford onípẹtiróòlù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́fà. Òun ni wọ́n fi kó ẹrù kúrò ní Accra nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ọkọ̀ nìkan ni ó bá wọn dé ilé.

Ní ọdún 2018, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ ní àárọ̀ ọyẹ́. Mẹkáníìkì wa fi hàn mí pé irin tí atẹ́gùn àti epo ń gbà wọlé ni a dè mọ́ irin tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde. Ó ní nítorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní kí a má fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo gboyè físíìsì ní òkè òkun ni mo fi ẹnu ìwé pa wọ́n lẹ́nu mọ́: mo ní atẹ́gùn gbígbóná a máa fẹ́lẹ́, agbára ẹ́ńjìnnì a sì dínkù. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni. A jó páìpù mìíràn sí ipò irin méjèèjì, a sì ta àwọn ti àtijọ́ fún àwọn tí ń ra irin àlòkù.

Láti ọjọ́ náà, púlọ́ọ̀gì kẹta àti ìkẹrin a máa dúdú bí ìdí ìkòkò, àkọ́kọ́ àti ìkẹfà a sì funfun bí ẹfun. Bàbá mi kò bá mi wí. Wọ́n kàn dẹ́kun àtimáa jókòó sínú ọkọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Ní ọdún kejì, iṣẹ́ gbé mi dé Accra, mo sì yà sí Agbogbloshie lẹ́bàá odò Odaw. Ẹni tí ó mọ ibẹ̀ nínú àwòrán nìkan a máa rò pé èéfín wáyà tí a ń sun ni gbogbo rẹ̀. Èéfín wà lóòótọ́, ó sì ń ṣe ara ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí jù ni òṣùwọ̀n, òòlù, àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, púpọ̀ nínú wọn láti ìhà àríwá Ghana, tí wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì bí alápatà ti ń kun ẹran. (Ní oṣù Keje ọdún 2021 ni ìjọba wó ibi ìtúrin náà.)

Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ Hausa bí èmi náà ti gbọ́ díẹ̀. Ó bèèrè ìdí tí mo fi ń wá irin ayé àtijọ́, mo ṣàlàyé. Kò fèsì. Ó da pẹtiróòlù díẹ̀ sí mi ní àtẹ́lẹwọ́, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kíá ni ọwọ́ mi tutù bí ẹni tí ó di yìnyín mú.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọmọ ènìyàn pé bí nǹkan olómi bá ń gbẹ, ooru ara ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó ń kó lọ. Mo tilẹ̀ ti fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò. Kabúrétọ̀ kan ṣoṣo ni Bedford náà ní, ní àárín, sìlíńdà mẹ́fà sì tò tẹ̀lé ara wọn. Epo tí ń gbẹ yóò sọ irin di tútù, ìyókù yóò sì sẹ̀ mọ́ ọn lára bí ìrì. Sìlíńdà tí ó wà nítòsí a mu àmuyó. Àwọn tí ó wà ní ìkángun a máa fa atẹ́gùn tí epo kò tó nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ṣe Chevrolet onísìlíńdà mẹ́fà ti ọdún 1929, èyí tí Bedford ti ọdún 1931 ti jáde, fi jẹ́ kí èéfín gbígbóná yá abẹ́ kabúrétọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn ìdérí kékeré kan wà tí sípíríǹgì ń darí, kí ooru náà má baà pọ̀ jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti móoru tán. Wọ́n ti mọ ohun tí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀!

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá mi rí irin méjèèjì. Mo dì wọ́n sínú àpò, mo gba Aflao, Lomé àti Sèmè kọjá.

Bàbá mi gbé wọn lé itan, wọ́n fi ìka ra ibi tí iná ti la irin dúdú. Wọ́n bèèrè iye tí mo rà á. Mo sọ ọ́.

"Wọ́n rẹ́ ọ jẹ," ni wọ́n wí. Wọ́n sì ní kí n lọ gbé sípánà wá.